Ilé Ẹbí Kan, Ọmọ Púpọ̀: Ìtàn Bí A Ti Ń Parí Ìjà Ogún Àjùmọ̀ní ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ní ọdún 1912, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìgbìmọ̀ kan dìde láti wádìí bí ènìyàn ti ń ní ilẹ̀ ní àwọn ibi tí wọ́n ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ọ̀rọ̀ kan ti ẹnu Ẹlẹ́sì ti Odògbolú ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú jáde tí àwọn amòfin kò tíì gbàgbé títí di òní. Ó ní lójú tòun, ilẹ̀ jẹ́ ti ẹbí ńlá kan, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kú, tí díẹ̀ nínú wọn wà láàyè, tí àwọn tí a kò tíì bí nínú wọn kò sì lóǹkà. Ó ṣeé ṣe kí àwọn òyìnbó tí ó gbọ́ ọ rò pé àgbàlagbà kan ń pa òwe lásán fún àwọn ni, ṣùgbọ́n òfin gan-an ni bàbá ń là kalẹ̀, òfin tí ọmọ Yorùbá fi ń gbé abẹ́ òrùlé kan náà láti ìran dé ìran kí kóòtù tó dé. Inú ọ̀rọ̀ yìí náà sì ni gbogbo ìjà ilé ẹbí ti ń hù jáde: alààyè kan fẹ́ jẹ òógùn òkú tán kí ọmọ tí a kò tíì bí tó dé, tàbí alààyè kan fẹ́ fi orúkọ òkú ti ọmọ ìyá rẹ̀ sẹ́yìn ìlẹ̀kùn.

Bí ènìyàn bá ra ilẹ̀, tí ó kọ́ ilé sí i, tí ó sì kú láìfi ìwé ìhágún sílẹ̀, ilé náà kì í bọ́ sọ́wọ́ ọmọ kan ṣoṣo, bí ó tilẹ̀ jẹ́ àrẹ̀mọ. Gbogbo ọmọ ni ó jọ jogún rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè na ìka sí yàrá kan kí ó ní tòun ni èyí, òun lè tà á tàbí kí òun fi dúró fún gbèsè. Àrẹ̀mọ, tí àwọn ará Èkó ń pè ní Dáwódù, ni yóò wọ iyàrá bàbá, tí yóò máa gba àlejò, tí yóò máa gba owó ilé, tí yóò sì máa tún ibi tí ó bá bàjẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n alámòójútó ni, kì í ṣe olówó ilé. Alàgbà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, sọ ọ́ láìfi bò pé àwọn baba wa kì í ta ilẹ̀. Wọn a máa fi í fún àlejò láti gbé títí ayé, àti àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n títà kò sí níbẹ̀. Ibìkan sì yàtọ̀ sí ibìkan nínú bí a ti ń ka ẹbí: ní Ìbàdàn, mọ́gàjí ni ó ń ṣe olórí agbo ilé, ọ̀dọ̀ bàbá ni wọ́n sì ti ń ka ìdílé, ṣùgbọ́n ní Ìjẹ̀bú àti ní Òǹdó, ọmọ lè tọ ẹ̀tọ́ lọ sí ìdílé ìyá gẹ́gẹ́ bí ó ti lè tọ̀ ọ́ lọ sí ìdílé bàbá, tí ó fi jẹ́ pé ẹnìkan ṣoṣo lè ní ohùn nínú ìpàdé ẹbí mélòó kan.

Ẹni tí ó bá rò pé nítorí pé ilé jẹ́ ti gbogbo wọn, kò sí ìjà níbẹ̀, kò tíì gbé agbo ilé rí. Yàrá kì í tó, owó ilé kì í pín dọ́gba, ọmọ ìyàwó kékeré a sì máa rò pé ọmọ ìyálé ń fojú di òun. Àwọn àgbà mọ èyí, wọ́n sì ti ṣètò fún un. Ẹjọ́ a kọ́kọ́ lọ sí ọ̀dọ̀ olórí ẹbí. Bí olórí ẹbí bá sì ni a ń fi sùn, a lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ìyókù láti ìdí ìyá kọ̀ọ̀kan. Bí wọn kò bá rí i parí, a gbé e dé ọ̀dọ̀ ìjòyè àdúgbò tàbí ọba. A kì í dá ẹjọ́ náà lẹ́yìn ẹnikẹ́ni, nítorí agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ohun tí wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ wá kì í ṣe bí wọn yóò ti pín ilé. Wọn a tún yàrá yàn, wọn a ní kí ẹni tí ó ti ń gba owó ilé láti ọdún yìí wá ro ohun tí ó gbà àti ohun tí ó ná, wọn a yan ẹnìkejì tì í kí owó má baà máa gba ọwọ́ ẹyọ ẹnìkan, bí ọ̀ràn bá sì burú jù, wọn a gba àkóso lọ́wọ́ rẹ̀. Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ọ̀pọ̀ olórí ẹbí ni ó ru igbá bẹ́ẹ̀ délé lójú gbogbo ìpàdé, tí ilé kò sì tìtorí rẹ̀ tú.

Ìgbà tí gbogbo èyí bá kùnà ni a tó ń sọ̀rọ̀ pínpín, ọ̀nà méjì sì ni a ń gbà pín in. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ìdí igi, níbi tí a ti ń ka àwọn ìyá tí wọ́n bímọ fún olóògbé, tí a ń pín ogún sí iye wọn, tí ìdí ìyá kọ̀ọ̀kan yóò sì gba ọ̀kan, ìbáà ṣe ọmọ kan ni ìyá náà bí tàbí ọmọ márùn-ún. Ọ̀nà kejì ni orí-ò-jorí, níbi tí a ti ń ka àwọn ọmọ fúnra wọn, tí a sì ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n kan náà. Ìdí igi ni ó gbajúmọ̀ jù láyé àtijọ́, mo sì gbà pé ó ní ọgbọ́n nínú: ìyá tí ó bí ọmọ kan ṣoṣo, tí àwọn orogún rẹ̀ bí ọ̀pọ̀, kì í rí ọmọ rẹ̀ kí ó di ẹni ìtẹ̀mọ́lẹ̀ láàrin ọ̀wọ́ àwọn ọbàkan. Ṣùgbọ́n ẹni márùn-ún tí wọ́n jọ ń pín ìdámẹ́rin, tí wọ́n ń wo arákùnrin wọn kan tí ó ń dá ìdámẹ́rin mìíràn jẹ, wọn kò ní ṣàìkùn, kíkùn yìí sì ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìlú Lọ́ńdọ̀nù níkẹyìn.

Èkó ni ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù ti là. Èkó Akéte, ilé ọgbọ́n, Èkó arómisá lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀, tí ilẹ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn ìjòyè Ìdẹ̀jọ tí wọ́n jẹ́ ìran Olófin, bọ́ sábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kẹjọ ọdún 1861. Kò pẹ́ tí Glover, tí ó ń ṣàkóso ìlú náà nígbà náà, fi bẹ̀rẹ̀ sí fi orúkọ Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ènìyàn ní ìwé ilẹ̀. Àwọn Sàró tí wọ́n ti Fìrìtáùn dé àti àwọn Àgùdà tí wọ́n ti ilẹ̀ Bùràsílì bọ̀ fẹ́ràn ìwé yìí, nítorí wọ́n ti mọ àǹfààní rẹ̀: a lè fi í yá owó, a lè fi í ta ilẹ̀, a lè fi í pẹjọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹnìkan ni ó wà lórí ìwé, nígbà tí ó jẹ́ pé ogún ènìyàn ni ó ń sùn nínú ilé. Nígbà tí ẹni tí ó gbàwé bá kú, ọmọ rẹ̀ kan a ní ti bàbá òun nìkan ni ilé náà, àwọn ọmọ àbúrò bàbá a ní wọ́n kàn fi orúkọ rẹ̀ gbàwé nítorí pé ó jẹ́ àgbà ni. Nígbà tí a dá ilé ẹjọ́ gíga sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1876, òfin tí ó dá a sílẹ̀ pàṣẹ pé kí adájọ́ máa tẹ̀lé àṣà ìbílẹ̀ níbi tí kò bá ti ṣe àìtọ́ sí ẹ̀tọ́ àti ẹ̀rí ọkàn. Báyìí ni ó ṣe di dandan fún àwọn òyìnbó tí kò mọ agbo ilé kí wọ́n jókòó gbọ́ ohun tí àwọn ìjòyè yóò wí nípa ẹni tí ó jogún yàrá àti ẹni tí kò jogún rẹ̀.

Ẹjọ́ tí ó gbayì jù lọ nínú ìwọ̀nyí ni ti ilé Olóyè Mabinuori. Olóyè yìí kú ní ọdún 1874, ó fi ọmọ méjìlá sílẹ̀ àti agbo ilé kan ní Èkó. Fagbemi, àrẹ̀mọ rẹ̀, ni ó kọ́kọ́ gorí àga bàbá. Nígbà tí òun náà tẹ̀lé e, ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ sí ilé àti ẹni tí ó yẹ kí ó máa darí rẹ̀. Ẹjọ́ náà, tí àwọn amòfin mọ̀ sí Lewis àti Bankole, wáyé ní ọdún 1908, ó sì dé iwájú àwọn adájọ́ tí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, lábẹ́ Osborne tí í ṣe adájọ́ àgbà. Wọ́n pe àwọn ìjòyè wá jẹ́rìí, wọ́n bi wọ́n léèrè, wọ́n sì fi ìdí ohun kan múlẹ̀ tí ó ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu: pé lẹ́yìn Dáwódù, ọmọ tí ó bá dàgbà jù nínú àwọn ọmọ tí ó kù fún ẹni tí ó dá ilé sílẹ̀ ni olórí ẹbí, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin. Osborne sọ nípa àṣà wa pé ó máa ń tẹ̀ bá ìgbà láìpàdánù ìwà tí a fi dá a mọ̀, ó sì ní àṣà tí ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni kóòtù yóò máa wò, kì í ṣe èyí tí ó ti di ìtàn. Mo ka ọ̀rọ̀ yẹn sí ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ó dára jù tí adájọ́ òyìnbó kan sọ nípa wa, nítorí ó gbà pé àwọn ènìyàn tí ó wà láàyè ni ó ni àṣà, àti pé wọ́n lè tún un ṣe.

Ìgbà tí ìjọba fúnra rẹ̀ na ọwọ́ sí ilẹ̀ Àpápá ní ọdún 1913 ni gbogbo ayé tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹbí kì í ṣe ti ìjà ọmọ ìyá nìkan. Olóyè Amodu Tijani, Olúwa ti Èkó, ní kí a san owó ilẹ̀ náà fún òun lórúkọ àwọn ènìyàn òun. Ìjọba ní ẹ̀tọ́ ìṣákọ́lẹ̀ nìkan ni ó ní. Olúwa pàdánù nílé, ó sì kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1920 pẹ̀lú Herbert Macaulay, tí ó gbé ọ̀pá àṣẹ Elékòó, ọba Èkó, dání. Ní ọdún 1921 ni Privy Council, ilé ẹjọ́ ìkẹyìn ní Lọ́ńdọ̀nù fún àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, láti ẹnu adájọ́ Haldane, dá a láre pé ní Èkó, ilẹ̀ jẹ́ ti àwùjọ, ti abúlé tàbí ti ẹbí, àti pé ìjòyè ń dì í mú fún wọn ni. Ẹni tí ó bá ń jà lónìí pé bàbá òun kò lè dá ilẹ̀ ẹbí tà, lórí ìdájọ́ yẹn ni ó dúró sí, bí kò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ Olúwa rí.

Láàrin ogójì ọdún tí ó tẹ̀lé e ni àwọn ilé ẹjọ́ wa la ẹ̀tọ́ ọmọ ẹbí sílẹ̀ ní kíkún. Ní ọdún 1924, nínú ẹjọ́ Lopez, wọ́n gbà pé ọmọbìnrin ní ẹ̀tọ́ sí ilé bàbá rẹ̀ bí ọmọkùnrin, àti pé kóòtù lè pàṣẹ kí a pín in bí ó bá jẹ́ pé ire ẹbí wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 1932, nínú ẹjọ́ Thomas, wọ́n ka ohun tí ó tọ́ sí ọmọ ẹbí kọ̀ọ̀kan: kí ó lè gbé inú ilé, kí ó lè wọlé kí ó sì jáde láìsí ìdíwọ́, kí ó ní ohùn nínú bí a ti ń ṣàkóso rẹ̀, kí ó sì gba ìpín tirẹ̀ nínú owó tí ó bá ṣẹ́kù. Ẹnikẹ́ni tí a bá fi èyíkéyìí nínú wọn dù, kò ní láti ní kí a tú ilé ká. Ó lè ní kí kóòtù kéde ẹ̀tọ́ rẹ̀, kí ó dá ẹni tí ó ń dínà lẹ́kun, tàbí kí ó pàṣẹ fún ẹni tí ó ń gba owó ilé pé kí ó wá ròyìn rẹ̀. Ó dùn mí pé ìyàwó kò rí irú àánú bẹ́ẹ̀ gbà. Ní ọdún 1957, nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu, kóòtù gíga jù lọ tún fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé aya kì í jogún ọkọ rẹ̀ lábẹ́ àṣà Yorùbá. Opó tí ó bímọ lè máa fi ọlá ọmọ rẹ̀ gbé ilé. Àgàn tí ó bá ọkọ rẹ̀ gbé bíríkì, tí ó bá a san owó oníbíríkì, a sì wá máa wo ojú àwọn àna. Bí Osborne bá sọ òótọ́ pé àṣà wa máa ń tẹ̀ bá ìgbà, ibí yìí ni ó yẹ kí ó ti tẹ̀.

Ọ̀rọ̀ títà ni ó ti da ìdílé rú jù. Òfin tí àwọn ilé ẹjọ́ rí mú láti inú àṣà ni pé bí ọmọ ẹbí kan bá ta ilẹ̀ láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, títà náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ rárá; bí ó bá jẹ́ olórí ẹbí ni ó tà á lórúkọ ẹbí láìgba ohùn àwọn àgbà yòókù, títà náà dúró títí àwọn tí a kò gba ohùn wọn yóò fi gbé e lọ sí kóòtù kí a fagi lé e, gẹ́gẹ́ bí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti wí nínú ẹjọ́ Esan àti Faro ní ọdún 1947. Ẹni tí ó bá sì mọ̀, tí ó dákẹ́, tí ó jẹ́ kí olùrà kọ́lé tán kí ó tó pariwo, kóòtù kì í sábà gbọ́ tirẹ̀. Nítorí ìdí èyí ni ojú fi ń rí i káàkiri Èkó àti Ìbàdàn, lára ògiri ilé, tí a fi ọ̀dà kọ ọ́ gàdàgbà pé ilé yìí kì í ṣe títà. Ẹni tí ó bá ń bẹ̀rù onígbájúẹ̀ lè kọ ọ́. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọ ilé ni ó ń fi kọ̀wé sí ọmọ ilé.

Ẹjọ́ tí kíkùn lórí ìdí igi gbé dé Lọ́ńdọ̀nù ni ti ogún Suberu Dawodu, tí ó kú ní Èkó ní ọdún 1940 láìfi ìwé ìhágún sílẹ̀. Ìyàwó mẹ́rin ni ó bímọ fún un, ọmọ mẹ́sàn-án sì ni wọ́n. Àwọn kan ní kí a pín owó ilé sí mẹ́rin, àwọn kan ní kí a pín in sí mẹ́sàn-án. Adájọ́ tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà rí i pé ìdí igi kò bá ẹ̀tọ́ ayé òde òní mu, ó sì fọwọ́ sí orí-ò-jorí. Kóòtù gíga jù lọ yí ìdájọ́ rẹ̀ padà ní ọdún 1958, ẹjọ́ sì kọjá òkun. Ní ọdún 1962, nígbà tí a ti gba òmìnira ṣùgbọ́n tí ẹjọ́ wa ṣì ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Privy Council dájọ́ pé ìdí igi ṣì ń bẹ láàyè nínú òfin Yorùbá, pé òun ni a ó máa fi pín ogún, àyàfi bí àwọn ọmọ bá ń jà lórí bí a ó ti pín in; nígbà náà, olórí ẹbí ni ó ní àṣẹ láti sọ bóyá orí-ò-jorí ni ó yẹ, ohun tí ó bá sì sọ ni abẹ gé. Ohun tí mo rí nínú ìdájọ́ yìí tí ọ̀pọ̀ kò kà sí ni pé àwọn adájọ́ tí wọ́n jókòó sí òpin ayé kejì dá ọ̀rọ̀ náà padà sọ́wọ́ àgbà tí ó jókòó nínú agbo ilé. Méjìlélógún ọdún ti kọjá láti ìgbà tí bàbá ti kú, owó lọ́yà ti gbé ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè ṣírò lọ, ibi tí ẹjọ́ sì gúnlẹ̀ sí ni ibi tí ó yẹ kí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Síbẹ̀, n kò ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lọ sí kóòtù. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n agbo ilé wà tí àgbà ibẹ̀ gan-an ni ó ń wọ́ orí ọmọ. Ọmọ òrukàn tí a lé jáde, ọmọbìnrin tí a ní kí ó wá ogún rẹ̀ lọ sílé ọkọ, ẹni tí kò rí kọ́bọ̀ nínú owó ilé láti ogún ọdún, kí ni kí wọ́n ṣe bí àwọn àgbà bá dijú? Fún irú wọn ni kóòtù fi ní agbára láti pín ohun ìní ẹbí. Bí ilẹ̀ bá tó pín, a ó pín in fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tàbí fún ìdí ìyá kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹnìkan di tirẹ̀ pátápátá, èyí tí ó bá bọ́ sọ́wọ́ ìdí ìyá kan di ilé ẹbí tuntun fún àwọn ọmọ ìdí náà, a sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí kò bá ṣeé pín, kóòtù lè ní kí a tà á, kí a pín owó rẹ̀. Àwọn adájọ́ kì í yára pàṣẹ èyí lórí ilé tí bàbá fúnra rẹ̀ gbé, mo sì gbà pé wọ́n ṣe é tọ́, nítorí a kì í ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́, ilé tí a bá sì ti tà kò sí ìdájọ́ tí ó lè dá a padà fún àwọn tí Ẹlẹ́sì sọ pé a kò tíì bí.

Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ ìṣọ́ gómìnà, ọ̀pọ̀ sì rò pé ilẹ̀ ẹbí ti parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n òfin náà fi bí ogún ilẹ̀ ìbílẹ̀ ti ń bọ́ láti ọwọ́ dé ọwọ́ sílẹ̀ lábẹ́ àṣà, ìjà wa sì ń bá a lọ bí ó ti wà. Ohun tí ó yí padà jù ni ohun tí Èkó ṣe ní ọdún 2002, nígbà tí a ṣí ilé ìlàjà sínú ọgbà ilé ẹjọ́ gíga, tí olùlàjà ń jókòó láàrin àwọn tí ó ń jà bí àwọn àgbà ti ń ṣe. Bí wọ́n bá gbọ́ra wọn yé, a ó kọ àdéhùn wọn sílẹ̀, wọn yóò tọwọ́ bọ̀ ọ́, adájọ́ yóò sì fọwọ́ sí i, yóò sì di ìdájọ́ kóòtù tí kò sí olórí ẹbí tí ó lè fojú di í. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni a lè kọ ọ́ sí pé ẹni méjì láti ìdí ìyá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni yóò máa gba owó ilé, pé báńkì ni yóò máa gbà á sí, pé a ó kọ́kọ́ yọ owó òrùlé kúrò kí a tó pín èyí tí ó kù, pé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni a ó máa ka ìwé owó náà sétí gbogbo ọmọ ilé, tọkùnrin tobìnrin wọn, àti pé kò sí ẹni tí yóò bá olùrà sọ̀rọ̀ lẹ́yìn àwọn ìyókù.